Ọkọ Mi Kan Wà Nínú Oyin

Kí n tó dé ẹnu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sun kòkòrò sí àárín àgbàlá, wọ́n sì ti tan iná sí i nínú. Láti ẹnu géètì ni mo ti ń gbọ́ ọ tó ń kùn. Inú mi bà jẹ́, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kó hàn lójú mi.

"Ẹ káàárọ̀, ìyàwó Ilé Olóyin," Ojúlarí kí mi láti ara ògiri. "Òní ni àpótí oyin ń lọ sínú iná. Àwòrán gbogbo wọn ti pé lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tó máa sọnù."

"O kú àìmọ̀kan," mo dá a lóhùn.

"Ẹ ṣeun, mà."

Kì í bínú. Ohun tó máa ń dùn mí jù nípa rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀ ni, Aríran Ìlú ni ìjọba sọ ọ́, kò sì sí ògiri ilé ìjọba kan tí ojú rẹ̀ kò sí, róbótó bí ìdí ife. Àwa tí a ń bá a gbé la sọ ọ́ ní Ojúlarí, torí ojú lásán ló ń rí, kò dénú ẹnikẹ́ni. Ó ti ya àwòrán gbogbo kòkòrò tó wà nílé ìṣẹ̀ǹbáyé wa yìí, iwájú, ẹ̀yìn, ìhà méjèèjì. Bó ṣe yà wọ́n tán ni òfin ní kí a máa sun òkú wọn, pé ààyè ni wọ́n kàn ń gbà. Labalábá ti lọ. Tata ti lọ. Àwọn yímíyímí tí mo fi ọwọ́ ara mi nu ẹ̀yìn wọn títí ó fi ń dán, wọ́n ti di eérú. Ó wá kan oyin.

Mo wọ yàrá mi, mo ti ilẹ̀kùn. Òórùn kánfọ̀ gba imú mi. Àpótí onígíláàsì náà wà lórí tábìlì níbi tí mo fi í sí, oyin kọ̀ọ̀kan dúró lórí abẹ́rẹ́ tirẹ̀. Ọmọ ìsinsìnyí tó bá rí wọn á ní kí ló dé tí wọ́n kéré tó báyìí, níbo ni bátìrì wọn wà? Oyin onírin ti Ẹgbẹ́ Aládùn nìkan ni wọ́n mọ̀, èyí tó ń ti orí òdòdó kan bọ́ sórí èkejì pẹ̀lú àmì ẹgbẹ́ náà nídìí rẹ̀. Àgbẹ̀ tí wọn ò bá rán an sí lóko, ẹ̀gúsí rẹ̀ kò ní so.

Oyin gidi ti kú tán láyé. Kò sì sẹ́ni tí kò mọ ẹni tí wọ́n ní ó pa wọ́n: Ilé Olóyin, ilé ọkọ mi. Wọ́n ní baba ọkọ mi ló da oògùn sínú ilé oyin rẹ̀ nítorí ojúkòkòrò, pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àjàkálẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ni wọ́n bá ṣe Òfin Oyin. Ọmọ Ilé Olóyin kankan kò gbọdọ̀ ní ilẹ̀. Kò gbọdọ̀ sin ohun ẹlẹ́mìí, adìyẹ pàápàá. Ọkọ mi kú lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn dókítà ní orúkọ tí wọ́n fún àìsàn tó pa á, ṣùgbọ́n èmi tí mo sùn tì í mọ̀ pé ìtìjú ni. Ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi, Oyinlọlá, wọ́n ní kí n yí orúkọ rẹ̀ padà, mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ yí ti ìyá wọn. Ọmọ náà fẹ́ràn oko bí nǹkan mìíràn. Inú korobá ló ń gbin tòmátì sí lẹ́yìn kọ́tìnnì, bí ẹni tó ń gbin igbó.

Mo ṣí àpótí náà, mo yọ oyin kan tí èmi pẹ̀lú rẹ̀ ti di ọ̀rẹ́.

Nígbà òjò tó kọjá ni mo rí i pé abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ òkú kòkòrò, ó ní láti kọ́kọ́ fi í sínú ọ̀rinrin kí ara rẹ̀ rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á fọ́ sí i lọ́wọ́. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ara oyin náà ṣe rọ̀, ọrùn rẹ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ni mo bá rí i pé nǹkan kan ń yọjú níbẹ̀. Mo gbé awò tó ń sọ nǹkan di ńlá lé e. Yéè! Orí eṣinṣin ni. Eṣinṣin bín-ín-tín, tí kò tó ìdajì hóró ọkà, ẹ̀yìn rẹ̀ ga bíi ti abuké, itan rẹ̀ ki. Orí àti ẹsẹ̀ méjì ti jáde, ìyókù ṣì wà nínú oyin. Inú oyin ni ìyá rẹ̀ yé e sí. Ibẹ̀ ló ti ń jẹ ẹran ara onílé títí ó fi dàgbà. Ó ń bọ̀ níta lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún onílé mọ́lẹ̀, òun náà sì kú sẹ́nu ọ̀nà.

Mo wo àwọn oyin yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ihò lọ́rùn, inú wọn sì ti ṣófo.

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Ìdí rẹ̀ ni pé mo mọ ìtàn àpótí yẹn. Baba ọkọ mi ló gbé e wá síbí, lọ́dún tí àwọn oyin rẹ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nírọ̀lẹ́, tí wọ́n ń rìn nílẹ̀ bí ọ̀mùtí, tí wọ́n ń kú sídìí fìtílà. Ó bẹ àwọn ọ̀mọ̀wé pé kí wọ́n bá òun wo ohun tó ń ṣe wọ́n. Kò sẹ́ni tó wò ó. Wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, eruku bò ó, nígbà tó yá wọ́n padà wá ní òun ló pa wọ́n.

Kì í ṣe oògùn. Eṣinṣin ni!

Mo sáré lọ sọ fún Ojúlarí lọ́jọ́ náà. Ó ní òun kò rí eṣinṣin kankan nínú àwòrán oyin. Mo gbé e sún mọ́ ojú rẹ̀. Ó wò ó, ó wò ó. "Eṣinṣin yìí kò ní orúkọ," ó ní. "Ìwé Orúkọ ti pa dé, mà. Gbogbo ohun tó wà láyé ló ti ní orúkọ. Èyí tí kò bá ní, kò sí." Ó sì kí mi pé ó dàárọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ronú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé.

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ tí Ojúlarí ń kí i lójúde: "Ẹ káàárọ̀, ọmọ Ilé Aláró." Mo mọ ẹni náà, mo sì pòṣé.

Àbúrò ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ó jù mí lọ. Wọ́n ti bí i kí n tó wọ ilé wọn, nítorí náà ọkọ mi ni òun náà, ẹ má retí kí n dárúkọ rẹ̀ fún yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi wọlé, abẹ́ igi ọsàn ni mo bá a tó ń kàwé, kò tilẹ̀ gbójú sókè wo ìyàwó. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Akọ̀wé ló ń jẹ́ lẹ́nu mi títí dòní. Nígbà tí Òfin Oyin jáde, ó sá lọ sábẹ́ ilé ìyá rẹ̀, ó di ọmọ Ilé Aláró. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n mọ́ wa mọ́. Wọ́n fi í jọ̀gá ní Iléeṣẹ́ Ìpalẹ̀mọ́, àwọn tó ni iná tó wà ní àgbàlá yẹn.

"Ìyàwó mi, o ò tíì gbé e jáde? Iná ti gbóná."

"Ẹ káàárọ̀, Akọ̀wé. Ẹ jókòó. Ṣé iná ní ibòmíì tó ń lọ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ wàláà kan nínú àpò, irú èyí tín-ín-rín tí a ń tẹ ìka sí, ó gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin. "Mo ti bá àwọn ará òkè sọ̀rọ̀ nítorí yín. Ojú mi rí nǹkan kí wọ́n tó gbà. Àforíjì rèé."

"Àforíjì kí ni?"

"Ilé Olóyin á gbà pé àwọn ló ṣe é, wọ́n á sì ní kí ìlú má bínú. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwọ ni opó àkọ́bí, ìka rẹ nìkan ni wọ́n fẹ́. Kí ilẹ̀ òní tó ṣú, Oyinlọlá á ti ní oko."

Mi ò ní purọ́ fún yín. Mo rí ọmọ mi nínú oko, lójú gbangba, láìsí kọ́tìnnì, erùpẹ̀ dé e lórúnkún, ó ń pariwo pè mí pé kí n wá wo ẹ̀wà òun. Àtàǹpàkò mi ti gbéra kúrò lórí itan mi kí n tó mọ̀.

Mo wá rántí ojú ọkọ mi lórí àkéte. Mo fi ọwọ́ náà sábẹ́ ìdí mi, mo jókòó lé e.

"Ta la ṣẹ̀, Akọ̀wé?"

"Ìbídùnní!" Tó bá ti pè mí lórúkọ báyẹn, inú ń bí i nìyẹn. "Baba mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Òkú kì í roko. Ọmọ yẹn ló wà láàyè! Kí lo fẹ́ fi òótọ́ ṣe?"

"Ọmọ yẹn náà ni mo ń rò. Tí mo bá tẹ̀ka síbí, yóò ní ilẹ̀, yóò sì máa jẹ́ ọmọ apanilóyin lórí ilẹ̀ náà títí ayé. Àwọn ọmọ rẹ̀ á máa dúpẹ́ àforíjì ohun tí baba ńlá wọn kò ṣe. Rárá o. Ẹ wá wo nǹkan."

Mo fa awò náà síwájú rẹ̀. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó ní òun kò ráyè. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ tó fojú sí i, kò tètè gbé orí kúrò níbẹ̀.

"Èmi ni mò ń gbá wọn," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ ṣì wà lórí awò. "Nídìí fìtílà, láràárọ̀. Mo fẹ́ máa dà wọ́n nù, Baba ní kí n má dà wọ́n nù, kí n kó wọn sínú ìgò. Ó ní ẹnìkan á bá wa wò ó." Ó dìde, ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yìn ọwọ́. "Ṣùgbọ́n kí ni mo fẹ́ ṣe sí i, ìyàwó? Kò ní orúkọ. Iná ni."

"Ta ló ní kò ní orúkọ?"

Mo gbé oyin náà lórí abẹ́rẹ́ rẹ̀, mo ṣílẹ̀kùn, mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi, ó ń bi mí pé kí ni mo fẹ́ dán wò. Mo dúró síwájú ojú Ojúlarí, mo tún gèlè mi wé. Ọ̀rọ̀ ilé ọkọ kì í ṣe ohun tí à ń sọ pẹ̀lú orí lásán.

"Ojúlarí, ka Òfin Ìyàwó fún mi."

Akọ̀wé sún mọ́ ẹ̀yìn mi.

Bóyá ẹ̀yin ọmọdé kò mọ̀ ọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pa Ìwé Orúkọ dé, tí wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ohunkóhun lórúkọ tuntun mọ́, àwa ìyàwó ilé la kọ́kọ́ kọ̀. Ẹ gbà mí! Kí ìyàwó wá máa pe àwọn ọmọ tó bá nílé ọkọ ní orúkọ àbísọ, bí ẹni tí wọn ò kọ́ nílé? A ò jà, a ò pariwo. À ń pe àwọn ọkọ wa bí a ṣe ń pè wọ́n: Adúmáradán, Ìdílẹ̀kẹ̀, Eyínfúnjowó. Ojúlarí sì wá dààmú. Wọ́n ní kó gbé oògùn fún Eyínfúnjowó, kò mọ ilé tó máa gbé e lọ. Nǹkan dàrú níbi gbogbo, ìjọba bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wá. Bí wọ́n ṣe ń kọ òfin náà lọ́wọ́, ìyá àgbà kan láti Ìgbòho fi àáké kọ́rí pé ajá ilé ọkọ òun ńkọ́, tó ti wà nílé kí òun tó dé, tí òun ń pè ní Bàbá Ọdẹ? Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Nítorí ajá yẹn ni wọ́n ṣe pààrọ̀ ọ̀rọ̀ kan.

"Ohunkóhun tí a bá bí sílé ọkọ kí ìyàwó tó wọlé," Ojúlarí kà á, "ìyàwó ní ẹ̀tọ́ láti fún un lórúkọ, orúkọ náà sì dúró. Ọmọ ilé kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ láti jẹ́ orúkọ náà fún èyí tí kò bá lè sọ̀rọ̀. Ìyàwó tó bá fi òfin yìí purọ́, kì í ṣe ìyàwó ilé náà mọ́, a kò sì ní sin ín ti ọkọ rẹ̀."

"Ohunkóhun," mo ní. "Àbí ẹnikẹ́ni lo kà?"

"Ohunkóhun, mà."

"Ó dáa. Ọkọ mi kan wà nínú oyin yìí. Mo fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ."

Ojúlarí yí ojú rẹ̀ sí oyin náà.

"Eṣinṣin ni, mà," ó ní.

"Ìyá Ìgbòho sọ ajá lórúkọ, ẹ sì gbà á. Níbo ni wọ́n bí eṣinṣin yìí sí?"

"Nínú oyin."

"Oyin ta ni?"

"Oyin Ilé Olóyin."

"Ṣé ó ti wà kí n tó wọlé, àbí lẹ́yìn mi?"

"Àpótí rẹ̀ ti wà níbí kí ẹ tó ṣègbéyàwó. Òótọ́ ni. Ṣé ẹ mọ̀ pé bí Ìgbìmọ̀ tó ń gbẹ́jọ́ orúkọ bá ní irọ́ ni, ẹ ó pàdánù ilé ọkọ yín?"

Ẹ̀rù bà mí. Mo ronú sí ibojì ọkọ mi, àti àyè tí mo ní kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Mo mọ̀," mo ní. "Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Mo ti wo ilé. Inú ni ilé rẹ̀, oyin ni oúnjẹ rẹ̀, inú náà ló gbé pa gbogbo wọn tí ẹ fi ní àwa ni. Agbénújoyin ni mo sọ ọ́."

"Agbénújoyin," Ojúlarí tún un pè, ó sì pe àmì ohùn rẹ̀ dáadáa. "Ta ni ọmọ ilé tó máa jẹ́ ẹ?"

N kò bojú wẹ̀yìn. Mo mọ ohun tí mò ń bèèrè lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ilé tó ń gbé, ipò rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ eérú ti iléeṣẹ́ rẹ̀ tó wọ̀ sọ́rùn yẹn, gbogbo rẹ̀ á bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá la ẹnu. Mo gbọ́ tó ń mí. Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ ń pè é láti àgbàlá pé ọ̀gá, iná ti ṣetán o.

Mo gbé oyin náà sókè, mo fi ohùn tí ìyàwó fi ń pe ọkọ láti ilé ìdáná pè é. "Agbénújoyin o!"

Mo tún pè é.

"Agbénújoyin ọkọ mi o! Wọ́n ń pè yín!"

Ohùn kan já lẹ́yìn mi. Kò dún bí ohùn ọ̀gá kankan. Ó dún bíi ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lábẹ́ igi ọsàn, tó wá gbójú kúrò nínú ìwé níkẹyìn.

"Òo! Èmi rèé, ìyàwó wa."

Mo kúnlẹ̀ kí i níbẹ̀, lórí símẹ́ǹtì, bí mo ṣe kí i lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Òun náà ń sunkún, ó ní kí n dìde, kí n má ṣe òun báyẹn.

"A ti kọ ọ́ sílẹ̀," Ojúlarí wí. "Ohun tó lórúkọ tí kò ní àwòrán, iná kò gbọdọ̀ kàn án títí Ìgbìmọ̀ yóò fi wò ó ní gbangba, pẹ̀lú ẹjọ́ tó bá rọ̀ mọ́ ọn." Ojú róbótó náà yí sí Akọ̀wé. "Ẹ káàárọ̀, ọmọ Ilé Olóyin."

Mo padà wọ yàrá, mo dá oyin náà padà sí àyè rẹ̀ nínú àpótí, mo sì mú wàláà àforíjì tó wà lórí tábìlì jáde sí àgbàlá. Àwọn ọmọ Ìpalẹ̀mọ́ dúró yí ẹ̀rọ wọn ká, wọn ò mọ ohun tí wọ́n á ṣe. Mo bi wọ́n bóyá iná náà ṣì gbóná.

"Ó gbóná dáadáa, mà."

"Ẹ ṣí i," mo ní, mo sì ju àforíjì wọn sínú rẹ̀.